Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ti Gbó Nínú Ilé Wa

Ẹni tí ó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta obì gbànja ní Ṣágámù yóò rí iṣẹ́ kan tí àwọn ìyá ọlọ́bì kì í fi ṣeré. Wọn a da obì sílẹ̀, wọn a máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kòkòrò ti lu ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá rí i, wọn a yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, kí wọ́n tó kó obì tí ó dára sí i. Wọn kì í sọ pé, "Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kí ló lè ṣe?" Wọ́n mọ̀ pé kòkòrò tí ó wà nínú ẹyọ kan kò ní jókòó sínú ẹyọ kan. Kí agbọ̀n náà tó dé Kánò, yóò ti lu òmíràn, ìyẹn náà yóò sì ran èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ kọ́ lónìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Rẹ́mọ, ìbáà ṣe Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru, Ìlíṣàn tàbí Òde Rẹ́mọ, kọ̀ǹpútà kan wà tí ó ti pẹ́. Ọmọ tí ó wà ní òkè òkun ló fi ránṣẹ́, tàbí a rà á ní tòkunbọ̀ ní ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Ó ṣì ń tàn. Àwọn ọmọ ń fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Bàbá ń fi ṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ìyá ń kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó sínú rẹ̀. Ohun tí kò bàjẹ́, a kì í jù ú nù, pàápàá ohun tí a fi owó gidi rà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa lójú wa, kí ó sì ti di obì tí kòkòrò wà nínú rẹ̀.

ÈWO NI A Ń PÈ NÍ KỌ̀ǸPÚTÀ TÍ Ó TI GBÓ?

Kì í ṣe èyí tí ara rẹ̀ ti ha, tàbí èyí tí bátìrì rẹ̀ kò gba iná mọ́. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ètò ńlá kan wà tí ó ń darí iṣẹ́ gbogbo. Òun ló ń gba ohun tí ọwọ́ wa tẹ̀. Òun ló ń gbé àwòrán sí ojú gíláàsì. Òun ló ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni Windows, tí iléeṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ń ṣe. Windows XP jáde ní ọdún 2001, Windows 7 ní ọdún 2009, Windows 10 ní ọdún 2015, Windows 11 ní ọdún 2021.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọjọ́ tí iléeṣẹ́ náà ń sọ pé, "Ó tó, a kò ní tún èyí ṣe mọ́." Ti Windows XP jẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ọdún 2014. Ti Windows 7 jẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020. Ti Windows 10 jẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ nìkan ni wọ́n fún ní àfikún àsìkò. Kọ̀ǹpútà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá báyìí ni a ń pè ní èyí tí ó ti gbó, bí ó tilẹ̀ ń dán bíi dígí.

Báwo ni ẹ óò ṣe mọ èyí tí ó wà nínú ti yín? Ẹ wá bọ́tìnì kan ní ìsàlẹ̀, lápá òsì, tí àwòrán fèrèsé wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má ì tíì gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ sì tẹ lẹ́tà R. Àpótí kékeré kan yóò yọ. Ẹ kọ winver sínú rẹ̀, lẹ́tà mẹ́fà péré, kí ẹ tẹ Enter. Kọ̀ǹpútà yóò sọ orúkọ ara rẹ̀ fún yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

ÌDÍ TÍ ÀTÚNṢE FI ṢE PÀTÀKÌ

Kò sí bíríkìlà tí ó lè búra pé ògiri òun kò ní là láé. Àwọn tí ó kọ Windows náà kò lè búra. Ọ̀rọ̀ àṣẹ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ènìyàn ló sì kọ ọ́. Nítorí náà ihò kò lè ṣàì sí níbẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ni aláǹgbá yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wá ibi tí ògiri ti là.

Nígbà tí iléeṣẹ́ bá rí ihò, wọn a fi sìmẹ́ńtì ránṣẹ́ láti dí i. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni sìmẹ́ńtì náà ń gbà wá. Òun ni àwọn ọmọ wa ń pè ní àpdéètì. Láti ọdún 2003 ni Microsoft ti sọ ọ́ di àṣà láti máa kó o jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Nígbà mìíràn wọ́n lè dí ihò tí ó lé ní àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí, ẹ farabalẹ̀ kà á. Windows tuntun àti ti àtijọ́, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọ̀pọ̀ ògiri tí ó wà nínú Windows 7 wà nínú Windows 10 pẹ̀lú. Bí iléeṣẹ́ bá wá rẹ́ sìmẹ́ńtì sí ògiri ilé tuntun, olè yóò wo ibi tí sìmẹ́ńtì náà wà. Yóò ní, "Áà, ibí yìí ló ti là tẹ́lẹ̀." Lẹ́yìn náà yóò lọ sí ilé àtijọ́ tí a kọ́ lọ́nà kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́. Ẹ ò rí i pé àtúnṣe tí ó dáàbò bo kọ̀ǹpútà tuntun ló tún júwe ọ̀nà ti àtijọ́ fún olè. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tí kò gba àtúnṣe mọ́ fi ń di eléwu sí i lóṣooṣù, bí ẹni tí ó ni ín kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 2017

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ọdún 2017. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà, ojú kọ̀ǹpútà ilé-ìwòsàn yí padà lójijì. Ojú ewé pupa kan ló yọ. Ó ní gbogbo ìwé tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà ti wà ní àtìmọ́lé, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á padà gbọ́dọ̀ san 300 dọ́là. Ajínigbé ni, àmọ́ kì í ṣe ènìyàn ló jí gbé, ìwé ló jí gbé. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní WannaCry.

Dókítà kò rí ìwé aláìsàn. Wọ́n ní kí àwọn tí ó wá fún iṣẹ́ abẹ padà sílé. Wọ́n ń gbé aláìsàn pàjáwìrì láti ilé-ìwòsàn kan lọ sí òmíràn. Nígbà tí àwọn olùṣirò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ó kéré tán, 81 nínú 236 ẹgbẹ́ ilé-ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀ràn náà dé bá. Káàkiri ayé, ó lé ní 200,000 kọ̀ǹpútà, ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150. Níhìn-ín ní Nàìjíríà, àjọ NITDA tí ń bójú tó ọ̀ràn ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ìjọba àpapọ̀ gbé ìkìlọ̀ jáde fún ará ìlú.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí ẹ rí nínú ìtàn yìí. Èkíní, Microsoft ti fi sìmẹ́ńtì ihò yẹn ránṣẹ́ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, bíi oṣù méjì ṣáájú. Àwọn tí kò gbà á ni ó kó sí wàhálà, Windows 7 ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kàgbákò, bẹ́ẹ̀ Windows 7 ṣì ń gba àtúnṣe ní ọdún yẹn. Àtúnṣe tí a kò gbà, bákan náà ni òun àti èyí tí kò sí.

Èkejì ni ó kan ilé wa gan-an. Kòkòrò yìí kò dúró de ẹni tí yóò tẹ nǹkan. Bí ó bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan, ó ń rìn fúnra rẹ̀ lọ sí gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà tí ihò náà ṣì wà lára wọn. Gẹ́gẹ́ bí kòkòrò obì nínú agbọ̀n.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Marcus Hutchins, ló dá a dúró. Ó rí i pé kí kòkòrò náà tó ṣiṣẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè àdírẹ́sì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àdírẹ́sì náà bá dáhùn, kòkòrò á pa iṣẹ́ tì. Kò sí ẹni tí ó ni àdírẹ́sì yìí. Hutchins fi owó díẹ̀ rà á, ó sì dáhùn. Ó dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n a kò lè fi irú oríire bẹ́ẹ̀ ṣe odi ilé. Microsoft pàápàá ṣàánú, wọ́n ṣe àtúnṣe fún Windows XP tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láti ọdún 2014. Wọn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

AGBOOLÉ KAN NI NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ

Ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé ni a ń pè ní ráútà. Òmíràn tóbi, ó dúró lórí tábìlì. Òmíràn kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, a lè fi sínú àpò. Gbogbo ohun tí ó bá ń gba Wáìfáì láti ara rẹ̀ ti di ará agboolé kan náà: fóònù ìyá, fóònù bàbá, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ráútà ni géètì. Ẹni tí ó wà lóde kò lè rí inú ilé tààrà. Ṣùgbọ́n nínú agboolé, ilẹ̀kùn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín yàrá àti yàrá. Bí olè bá ti wọ yàrá kan, ó ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń wáyé láàárín ìyá ọlọ́bì àti ọmọ rẹ̀ tí ó wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ̀ǹpútà yìí wọ báńkì mọ́."

"Èé ṣe? Ó ti pé ọdún márùn-ún tí mo ti ń lò ó, kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Windows 7 ló wà nínú rẹ̀, Màmá. Ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe mọ́."

"Kí ni olè fẹ́ jí lọ́wọ́ mi? Obì?"

"Màmá, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn oníbàárà yín síbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù wọn wà níbẹ̀. Iye tí wọ́n jẹ yín wà níbẹ̀. Tí olè bá rí i, ó lè pè wọ́n bíi pé ẹ̀yin lẹ rán an. Á ní kí wọ́n san owó yẹn sínú àkáǹtì tuntun."

Ìyá dákẹ́ díẹ̀. "Alhájì tí ó wà ní Kánò yóò sì san án," ni ó wí. "Kò mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

Èyí ni ìdáhùn fún àwọn tí ń sọ pé àwọn kò ní ohun tí olè lè jí. Owó nìkan kọ́ ni olè ń wá. Orúkọ rere tí a fi ọdún púpọ̀ kọ́, ó lè fi ṣọwọ́. Ó sì lè sọ kọ̀ǹpútà yín di ẹrú rẹ̀, kí ó máa ti ibẹ̀ kọlu ẹlòmíràn, tí ẹ̀yin kò ní mọ̀ ju pé dátà ń tètè tán.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Àwọn kan ní kí a kó gbogbo kọ̀ǹpútà àtijọ́ dànù. Àwa kò fara mọ́ ọn. Owó kọ̀ǹpútà tuntun kì í ṣe owó ẹ̀kọ. Kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó ṣì lè sin ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a bá mọ ibi tí a óò fi í sí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: ṣé ó pọn dandan kí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ni ẹ fi ń kọ, tàbí ìṣirò ẹgbẹ́ ni ẹ fi ń ṣe, kò pọn dandan. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí okùn ló so ó mọ́ ráútà, ẹ tú okùn náà. Bí Wáìfáì ni, ọ̀nà kan wà tí kò ṣòro. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù Wáìfáì ilé yín padà. Ẹ fún àwọn fóònù ní tuntun. Ẹ má fún kọ̀ǹpútà àtijọ́. Bí ó tilẹ̀ fẹ́ padà wọlé fúnra rẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé jáde, ẹ fi okùn so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tààrà. Nínú gbogbo ohun tí a óò sọ, èyí ni ó lágbára jù. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè na ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ká ní ọmọ ilé-ìwé nílò rẹ̀ láti wá ìmọ̀ ńkọ́? Nígbà náà ẹ fún un ní yàrá àlejò. Ọ̀pọ̀ ráútà ló lè ṣe Wáìfáì méjì, ọ̀kan fún ará ilé, ọ̀kan fún àlejò. Guest ni wọ́n ń kọ sí ti àlejò. Ẹni tí ó bá wà lórí ti àlejò lè dé íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò lè kan ilẹ̀kùn yàrá àwọn ará ilé. Ibẹ̀ ni kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà, kí àwọn fóònù báńkì wà ní èkejì. Bí ráútà kékeré yín kò bá ní ti àlejò, ẹ lè fi fóònù mìíràn tí kò ní nǹkan báńkì nínú pín íntánẹ́ẹ̀tì fún un fún wákàtí tí iṣẹ́ bá wà, kí ẹ sì pa á lẹ́yìn iṣẹ́. Bí Windows 7 bá bi yín pé irú ibo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí jẹ́, ó máa ń ní ilé ni, tàbí ibi iṣẹ́, tàbí ìta gbangba. Ẹ mú ìta gbangba, èyí tí a kọ Public sí, bí ẹ tilẹ̀ wà nínú yàrá ara yín. Bí ẹ bá mú un, kọ̀ǹpútà náà kò ní máa fi ara hàn fún àwọn yòókù, kò sì ní máa ṣí àpótí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Irú ilẹ̀kùn àpótí bẹ́ẹ̀ gan-an ni WannaCry gbà wọlé.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ owó. Ẹ má fi wọ báńkì. Ẹ má tẹ nọ́ńbà káàdì sí i, tàbí BVN. Ẹ má fi ṣí ìméèlì, nítorí ẹni tí ó bá gba ìméèlì yín lè fi gba gbogbo nǹkan yòókù. Àwọn tí ń ṣe Chrome, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ti fi Windows 7 sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Nítorí náà fèrèsé tí ẹ fi ń wo ìta pàápàá kò ní ìlẹ̀kẹ̀lẹ̀ mọ́. Ẹ lo fóònù fún báńkì, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣàyẹ̀wò fóònù náà, torí fóònù pẹ̀lú ń gbó. Nínú Settings, ọjọ́ kan wà tí wọ́n kọ síbẹ̀ tí ó sọ ìgbà tí fóònù gba àtúnṣe ààbò kẹ́yìn. Bí ó bá ti lé ní ọdún kan tàbí méjì, ẹ fura sí i.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa dátà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà pa àpdéètì, kí dátà má baà tán. A mọ bí dátà ṣe wọ́n. Síbẹ̀, owó tí a fi pamọ́ níbẹ̀ kéré sí owó tí olè ń kó. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń ta dátà òru ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ tí ó ṣì ní olùtúnṣe gba àtúnṣe rẹ̀ mọ́jú.

Ráútà náà ń béèrè àbójútó. Bí ó ṣe ti iléeṣẹ́ dé, ó ní páásíwọ́ọ̀dù kan tí a fi ń wọ inú ètò rẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ admin lásán. Gbogbo olè ló mọ èyí. Ẹ yí i padà, kí ẹ kọ tuntun sínú ìwé tí ẹ ń pa mọ́, kì í ṣe sára ògiri pálọ̀.

Fíláàṣì ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tí a yọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fíláàṣì ni kòkòrò ń gùn wọ inú rẹ̀. Ọmọ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n kì í bọ́ sára kọ̀ǹpútà tí ènìyàn púpọ̀ ti lò, ó gbé e padà wálé. Ẹ ya fíláàṣì kan sọ́tọ̀ fún ìta, kí ẹ má kì í bọ́ kọ̀ǹpútà tí ìwé ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Ètò apakòkòrò, tí wọ́n ń pè ní antivirus, dára, ẹ fi sí i bí ẹ bá rí èyí tí ó ṣì ń bá Windows yín ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e. Mẹ́gádì tí ó dúró ní géètì kò lè ṣọ́ odi tí ó ti wó lẹ́yìn ilé.

A tún ń kìlọ̀ nípa Windows ayédèrú. Ẹni tí ó bá bá yín gbé Windows 11 sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní owó kékeré, ẹ bi í bí ó ṣe rí i. Windows 11 ń béèrè ẹ̀yà ara kan tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 kò ní, tàbí tí ti inú wọn kò bá a mu. Àwọn kan ń fi ọgbọ́n àrékérekè kọjá, wọn a sì tún fi ètò jíjalẹ̀kùn sí i kí a má baà sanwó. Ètò jíjalẹ̀kùn yẹn gan-an lè jẹ́ olè. A ti gbé e wọlé pẹ̀lú ọwọ́ ara wa.

Ọ̀nà tí ó tọ́ wà, kò sì ná wa ju dátà lọ. Ètò kan wà tí ń jẹ́ Linux, tí a lè fi rọ́pò Windows pátápátá. Ọ̀fẹ́ ni. Oríṣi rẹ̀ kan ń jẹ́ Ubuntu, ọ̀rọ̀ Áfíríkà ni. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2004. Òmíràn ń jẹ́ Linux Mint, ojú rẹ̀ sì jọ Windows àtijọ́ débi tí àgbàlagbà kò ní sọnù nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí Windows 11 kò gbà, ó sábà máa ń gba èyí, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtúnṣe bíi tuntun. Ẹ pe ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí ó jókòó tì yín, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí Tai Ṣólàrin ti dá Mayflower sílẹ̀ ní ọdún 1956 tí ó ń kọ́ ọmọ láti máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, ojú yóò tì wá bí a bá sọ pé ó le jù. Àléébù kan wà: àwọn ètò kan tí a ṣe fún Windows kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo èyí tí ẹ ń lò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé yín. Ẹ dà á sínú díìsì tí a lè yọ, kí ẹ sì yọ ọ́ lóòótọ́. Èyí tí ó bá ṣì wà lára kọ̀ǹpútà nígbà tí ajínigbé dé, yóò jí i mọ́ ọn. Ìwé owó ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní ilé akápò, kí òmíràn wà ní ilé akọ̀wé. Bí ojú ewé pupa bá yọ ní ọjọ́ kan, ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kíákíá, kí ẹ má sì sáré san owó. Ọ̀pọ̀ tí ó san, wọn kò rí ìwé wọn gbà.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kọ̀ǹpútà náà kò ní tàn mọ́, tàbí tí ẹ óò fẹ́ tà á. Ìwé tí ẹ pa rẹ́ kò tíì kúrò nínú díìsì rẹ̀, ó kàn fara pamọ́ ni. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn kan láti Kánádà ra díìsì àlòkù ní ọjà ní Gánà. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n bá ìwé iléeṣẹ́ kan tí ń ṣe ohun ìjà fún ìjọba Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà, ẹ ní kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà nu díìsì rẹ̀ lójú yín, nínù tí kì í ṣe pípa ìwé rẹ́ lásán. Bí ó bá ti kú pátápátá, ẹ yọ díìsì náà, kí ẹ fi ìṣó àti òòlù lu ihò mẹ́ta sí i, kí ẹ tó fún àwọn tí ń ra àlòkù irin.